Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́, Ẹyẹ Ojú Ọ̀run àti Bíbélì Tí À Ń Kà Lójoojúmọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń ka Bíbélì láràárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò tí yóò jẹ́ kí n kà á tán láàárín ọdún kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo ka Diutarónómì orí 22, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí a má ṣe mú ìyá ẹyẹ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí mo sì tún ka Mátíù orí 10, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ológoṣẹ́ tí kì í já lulẹ̀ lẹ́yìn Baba. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni arákùnrin kan nínú ìjọ wa sọ pé àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná ń pa ẹyẹ ní ìpakúpa, àti pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fara mọ́ wọn rárá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì tọ́ kí a fi àwọn ẹsẹ wọ̀nyí ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, arábìnrin mi, pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń pa ẹyẹ. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ kò ní fi bò fún yín. Àmọ́ iye ẹyẹ tó kú kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà wá lọ́kàn. Irú ẹyẹ tó kú, àti ibi tí wọ́n ri ẹ̀rọ náà mọ́, ló ṣe pàtàkì jù. Òfin ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹ kà nínú Diutarónómì sì tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí ju ẹsẹ ológoṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Inú mi dùn pé kíka gbogbo Bíbélì ló gbé yín dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń ka kìkì àwọn orí tó fẹ́ràn lè lo ogún ọdún nínú ìgbàgbọ́ láìfojú kan òfin yẹn, torí pé àárín ọ̀rọ̀ màlúù tó sọnù àti ọ̀rọ̀ ìgbátí tí a gbọ́dọ̀ mọ yí òrùlé ká ló fara sin sí. Orí 1,189 ni Bíbélì ní, ẹni tó bá sì ń ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ lọ́dún. Ní ọdún 1842, Robert Murray M'Cheyne, tó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ní ìlú Dundee ní Scotland, ṣe ètò kan fún ìjọ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní: ibi mẹ́rin ni wọn yóò máa kà lójúmọ́, tí ọdún bá sì fi yípo, wọn yóò ti ka Májẹ̀mú Láéláé lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì ti ka Májẹ̀mú Tuntun àti Sáàmù lẹ́ẹ̀mejì. Oore tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún òǹkàwé ni pé ó ń mú àwọn ibi tó jìnnà síra jókòó pọ̀ láàárọ̀ kan, kí Mósè àti Mátíù lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú yín.

Ẹ tún òfin náà kà, ẹ má kánjú. Bí ènìyàn bá ń lọ lójú ọ̀nà, tó rí ìtẹ́ ẹyẹ lórí igi tàbí nílẹ̀, tí ìyá sì ń sàba lé ẹyin tàbí tó ràdọ̀ bo ọmọ, ó lè kó àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyá lọ. Òfin náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtẹ́. Ènìyàn ní láti jẹun, Ọlọ́run sì gbà á láyè. Ohun tó kọ̀ ni kí wọ́n pa èyí tí yóò tún bí òmíràn. Ẹ sì wo èrè tó so mọ́ ọn: kí ó lè dára fún ọ, kí ọjọ́ rẹ sì lè pẹ́. Èrè yìí gan-an ló so mọ́ bíbọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá nínú orí 5 ìwé kan náà. Mi ò tíì ka ibẹ̀ rí kí ó má yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìtẹ́ tí a bá pàdé lójú ọ̀nà wúwo tó bẹ́ẹ̀ lójú Ẹni tó ṣòfin.

Bí àwa tí a ń ṣọ́ ẹyẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ẹyẹ kan ń lọ sí ìparun, ìyá náà ni àwa pẹ̀lú máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ológoṣẹ́ ń yé ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè pa ju ẹẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọmọ rẹ̀ tí a bí lọ́dún yìí yóò ti máa kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá kú, àwọn tó kù lè dí àlàfo náà láìpẹ́. Idì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó bí ọdún márùn-ún kí ọmọ idì tó dàgbà dé ìmú ọkọ tàbí aya, ẹyin tí abo ń yé kì í sì í ju ẹyọ kan sí mẹ́ta lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni yóò yè. Igún ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, ẹyin kan péré ló ń yé lọ́dún. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ púpọ̀. Ẹ̀mí gígùn àgbà ló gbójú lé, pé ìyá kan náà yóò máa padà sórí ìtẹ́ kan náà fún ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn àgbà rẹ̀ kúrò lọ́dọọdún, gbogbo irú náà lè máa dín kù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fura.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ka iye fún yín, ẹ fara balẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013 ṣírò pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń pa ẹyẹ bíi 140,000 sí 328,000 lọ́dún ní orílẹ̀-èdè náà, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ní ọdún kan náà, ìwádìí mìíràn ṣírò pé ológbò, ti inú ilé àti èyí tí kò ní olúwa, ń pa ẹyẹ tó tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dún níbẹ̀. Àwọn tó ń forí sọ ara ilé àti gíláàsì fèrèsé, wọ́n ṣírò tiwọn sí mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988. Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, kí wọ́n ní ẹ̀rọ kò ṣe tó ológbò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń bímọ púpọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ológbò ń pa. Ológbò kì í pa idì, igún kì í sì í ṣèèṣì forí sọ gíláàsì fèrèsé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá gbé síbi tí kò yẹ ló ń mú ìyá lọ.

Ìdí tí àwọn ẹyẹ ńlá wọ̀nyí fi ń kàgbákò ju àwọn yòókù lọ kò ṣòro láti lóye fún ẹni tó bá mọ Àìsáyà 40:31, níbi tí a ti fi àwọn tó dúró de Olúwa wé idì tó ń fi ìyẹ́ gòkè. Idì kì í lu ìyẹ́ títí kó tó dé òkè. Yóò tẹ́ ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀ gbalaja, afẹ́fẹ́ tí oòrùn ti mú gbóná láti ilẹ̀ yóò máa gbé e yípo lọ sókè, tàbí kí ó fara lé afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò ríbi gbà mọ́, tó wá darí sókè. Èyí ni kì í jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa lórí òkè, ibẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ fi afẹ́fẹ́ pèsè iná ń wá. Ẹyẹ àti ẹ̀rọ ń du ojú kan ṣoṣo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Altamont Pass nìyẹn, láàárín àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn San Francisco ní Kalifọ́níà. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè ni wọ́n ti ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kéékèèké mọ́bẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n rí i pé ọ̀kẹ́rẹ́ orí ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn idì aláwọ̀ wúrà sì ti sọ ọ́ di ibi ọdẹ. Iye idì tí àwọn olùwádìí ṣírò pé ẹ̀rọ náà ń pa wà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀wá lọ́dọọdún, ó sì lé ní ogún ọdún tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà, tí wọ́n ń fi ìwọ̀nba àwọn ńláńlá rọ́pò wọn, tí wọ́n sì ń fara balẹ̀ yan ibi tí wọn yóò gbé wọn sí. Gbogbo ẹni tó bá sọ fún yín pé irú ìpalára yìí jẹ́ àròsọ, ẹ tọ́ka Altamont sí i.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé, idì tí ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, báwo ni kò ṣe ní rí ohun tó tóbi tó òpó ẹ̀rọ? Ẹ dúró lọ́nà jíjìn kí ẹ wo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan: ẹ ó rò pé ọ̀lẹ ń ṣe é, torí pé kì í yí ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá gùn tó mítà 60, tó sì yí lẹ́ẹ̀méjìlá ní ìṣẹ́jú kan, ẹnu abẹ̀bẹ̀ yẹn ń sá ju kìlómítà 270 lọ ní wákàtí kan. Bí ẹyẹ bá sì ti sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ojú rẹ̀ kò lè mú eré náà mọ́. Abẹ̀bẹ̀ yóò kàn ṣú lójú rẹ̀ bí ìkùukùu, yóò dà bíi pé ibẹ̀ ṣófo. Ti igún tún le sí i. Àwọn tó wọn ojú igún rí i pé bó bá ti dorí kodò láti wá òkú ẹran nílẹ̀, kò ní rí iwájú ibi tó ń fò lọ rárá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ohun tó ń dúró dè é ní àárín òfuurufú. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí a máa pe ẹyẹ tó kú lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Jóòbù 39:26 ni kó wá sí wa lọ́kàn, níbi tí Ọlọ́run ti bi Jóòbù bóyá ọgbọ́n tirẹ̀ ni àwòdì fi ń fò, tó fi ń na ìyẹ́ sí ìhà gúúsù.

Ìhà gúúsù yẹn ní ìtumọ̀ fún wa. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, òótọ́ sì ni níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà ní ayé tí ojú ọ̀run ti há. Jeremáyà 8:7 sọ pé àkọ̀ mọ àkókò rẹ̀ ní ojú ọ̀run, pé àdàbà àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ náà mọ ìgbà tí wọn yóò dé. Ọ̀nà ẹyẹ gan-an ni wòlíì náà ń gbé. Àkọ̀ funfun tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá sí Áfíríkà kì í fẹ́ fo agbami òkun kọjá, torí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé e sókè kì í ru láti ojú omi. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi ń gba Bosphorus, omi tóóró kan ní Tọ́kì, wọn a gba ilẹ̀ Ísírẹ́lì àti Sínáì, wọn a sì gba etí Òkun Súẹ́sì wọ Íjíbítì. Àwọn yòókù a gba Gibraltar ní ìpẹ̀kun Sípéènì, níbi tí òkun ti tóóró. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní ṣe nǹkan kan níbòmíràn lè di ìṣòro ńlá lẹ́nu irú ibodè bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó fún mi ní ìrètí jù. Ní Gabal el Zayt, létí Òkun Súẹ́sì ní Íjíbítì, àwọn ènìyàn ń dúró ṣọ́ ojú ọ̀run ní àkókò tí ẹyẹ ń kọjá, ẹ̀rọ rédà, tó ń rí ohun tó ń fò láti ọ̀nà jíjìn, sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí agbo àkọ̀ bá ń bọ̀, wọn a dá ẹ̀rọ dúró títí agbo yóò fi kọjá. Ní ìhà Tarifa ní gúúsù Sípéènì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń pa igún, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ pé ó léwu jù. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé igún tó ń kú dín kù ní bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ iná tí wọ́n pàdánù kò ju ìdá 0.07 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye yẹn kà. Ẹni tó bá ní owó kò sí láti dáàbò bo ẹyẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná.

Ní erékùṣù Smøla ní Nọ́wè, níbi tí idì onírù funfun ti ń kú, wọ́n kun ọ̀kan nínú abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ẹ̀rọ ní dúdú kí ojú ẹyẹ lè mú un bó ṣe ń yí. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2020 sọ pé iye ẹyẹ tó ń kú nídìí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kùn fi ohun tó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù sí ti tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin péré ni wọ́n kùn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀dà lé ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbi tí kò yẹ kó wà, kó wá ní iṣẹ́ ti parí.

Kì í ṣe gbogbo ìpalára ló ń fi òkú sílẹ̀. Lójú òkun Jámánì, irú ẹyẹ omi kan tó ń wọ inú omi lọ pa ẹja ti kó kúrò ní àyíká àwọn ẹ̀rọ, tí kì í fẹ́ sún mọ́ wọn ní ìwọ̀n kìlómítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kú, ṣùgbọ́n oko oúnjẹ rẹ̀ ti dín kù. Ní Nysted ní Dẹ́ńmáàkì ẹ̀wẹ̀, rédà fi hàn pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun tó ń ṣí kiri mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra, tó fi jẹ́ pé ohun tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sún mọ́ ẹ̀rọ débi ewu.

Ẹ jẹ́ kí n fi àdán kún un, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè. Nínú Léfítíkù 11, àdán ló kẹ́yìn àwọn ẹyẹ tí a kà sílẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ni ẹ̀rọ ti ń pa á ju ẹyẹ lọ. Ọmọ kan tàbí méjì ló ń bí lọ́dún, nítorí náà òfin ìyá kàn án. Òru tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ni àdán máa ń jáde jù, iná tí ẹ̀rọ sì ń pèsè ní irú òru bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ̀rọ yí títí afẹ́fẹ́ yóò fi le díẹ̀ sí i, ohun tó tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn àdán tí ì bá kú ni yóò yè.

Ní ti Mátíù 10:29, ẹ ṣọ́ra bí ẹ ó ṣe lò ó. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù ń rán lọ síbi ewu ló ń tù nínú níbẹ̀. Kò ṣe òfin nípa ẹyẹ, ẹni tó bá fi ẹsẹ yẹn nìkan dá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lẹ́bi ti fi agbára fà á kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun tí ẹsẹ náà sọ fún wa dájú ni pé Baba mọ̀ nípa ẹyẹ tí wọ́n ń ta méjì ní owó wẹ́wẹ́ kan. Ohun tí Ọlọ́run fojú sí, àwa kò lè sọ pé kò ní láárí. Ṣùgbọ́n òfin ìyá ẹyẹ ni mo gbà pé ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, torí pé ó gba ènìyàn láyè láti mú ohun tó nílò, ó sì pa ààlà fún un.

Ènìyàn nílò iná. Bí a kò bá rí i láti inú afẹ́fẹ́ àti oòrùn, inú èédú, epo àti gáàsì ni a ó ti máa wá a, èéfín wọn sì ń mú ayé gbóná. Ní ọdún 2019, National Audubon Society, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, yẹ irú ẹyẹ 604 wò ní Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé 389 nínú wọn ló wà nínú ewu ìparun bí ayé bá fi ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná sí i. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ gan-an kì í fi í sábà kọ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pátápátá. Ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí ni wọ́n máa ń bá wọn jà sí. Èmi náà wà pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, mi ò lè bá arákùnrin yín sọ pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fara mọ́ ọn rárá, àmọ́ mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ fara mọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá.

Bí wọ́n bá gbèrò àtigbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní sàkáání yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè bóyá wọ́n ti ṣọ́ ẹyẹ ibẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán kí wọ́n tó yan ojú ibẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹyẹ àkókò òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn. Bóyá ìtẹ́ idì tàbí igún wà nítòsí. Bóyá ọ̀nà ẹyẹ aṣíkiri gba ibẹ̀ kọjá. Àti ta ni yóò ní àṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀ bí agbo bá ń bọ̀. Ẹ béèrè nípa wáyà iná tí yóò gbé e lọ pẹ̀lú, torí pé wáyà náà ń pa ẹyẹ, bóyá ó forí sọ ọ́ tàbí iná gbé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ béèrè bí wọn yóò ṣe ka òkú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ẹyẹ mìíràn máa ń gbé òkú ẹyẹ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, koríko sì máa ń bo òmíràn mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé òkú ẹyẹ mélòó kan sí pápá láti mọ iye tí àwọn tó ń wá a lè rí nínú wọn, wọ́n sì ń lo ajá tó mọ òórùn wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé òun kò rí òkú ẹyẹ kankan, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n wá a, ẹni tó wá a, àti bóyá ẹlòmíràn lè rí àkọsílẹ̀ náà kà.